Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Tí Oúnjẹ Tutù Lórí Tábìlì

Ojúlé 14, Òpópónà Persimmon,
Pruitt Springs, Georgia.
Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́.

Lemuel, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Yvette ìyàwó rẹ. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù Cleveland kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú yín rí nǹkan? Èmi ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n mo ń rìn. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ tí mi ò lè sọ lórí fóònù, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá tún gbé e mì.

Gbogbo ẹbí ló wá. Corinne àbúrò rẹ wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ láti Charlotte, òun àti Nia ọmọ rẹ̀ kékeré, nítorí gbogbo ayé ló wà lójú títì. Àwọn ọmọ olóògbé Hattie ẹ̀gbọ́n mi dé kíkún ọkọ̀ méjì. Virgil àbúrò mi wá láti Mobile nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti sin, ó di ẹja sínú yìnyín bí ẹni pé mo ní mi ò ní fún un lóúnjẹ. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi wọ ilé ìdáná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, tòlótòló yín yìí sanra ju pásítọ̀ yín lọ.” Mo lé e jáde.

Julius ọmọ Corinne náà wá. Má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀. Mo rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí a sin Amos ọmọ rẹ: “Níbi tí Julius bá ti ń jẹun, ẹ má wá mi débẹ̀.” O sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Nígbà tí a sin baba rẹ ní oṣù kẹta ọdún yìí, ẹ̀yìn ni o dúró sí, o sì ti lọ kí a tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mi ò bá ọ jà. Ẹni tó sin ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú.

Bọ́ọ̀sì ni Julius wọ̀ láti Atlanta. Ó sọ̀ ní oríta, ó sì fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́ta tó kù. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń wà ti já bọ́ sínú odò lábẹ́ afárá tó sì pa Amos, kò wa ọkọ̀ mọ́. Virgil bá a lójú ọ̀nà, ó ní, “Wọlé jàre, àbí o fẹ́ fẹsẹ̀ wọn Georgia ni?” Julius ní, “Ẹ máa lọ, bàbá, mò ń bọ̀.” Orí afárá yẹn gan-an ni Virgil ti bá a, ó dúró, ó ń wo omi.

O mọ òfin ilé wa. Àga méjìlá ló wà nídìí tábìlì ńlá, kò sì sẹ́ni tó ń kúrò nídìí tábìlì àwọn ọmọdé àfi bí àga kan bá ṣófo. Ìwọ alára ti pé ọdún mẹ́tàlélógún kí Hattie tó kú tí o fi gòkè. Lọ́dún yìí, àga baba rẹ ló ṣófo. Amos ló kàn. Amos kò sí, Julius ló tẹ̀lé e. Mo ní kó wá jókòó. Ó ní, “Màmá Àgbà, àyè Amos nìyẹn.” Ó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọdé, géńdé ọmọ ọdún méjìlélógún, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń bá Nia gé ẹran wẹ́wẹ́. Virgil ní, “Irùngbọ̀n ẹ ò ní pẹ́ bọ́ sínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ yìí o.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà, a bẹ̀rẹ̀ ìdúpẹ́ láti orí àwọn kéékèèké, bí a ti ń ṣe. Nia dúpẹ́ pé eyín òun yọ, kò sì dun òun. Nígbà tó kan Julius, ó wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, “Mo dúpẹ́ pé ẹ ṣì ń jẹ́ kí n máa wá.” Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ inú mi lọ bí ọ̀bẹ, mi ò sì gbọ́ ohun tí àwọn tó kù dúpẹ́ fún. Èmi tí mo dàgbà jù ni mo máa ń ṣe é kẹ́yìn. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí.

Láti ọdún mẹ́ta yìí, mi ò ṣe páì ọ̀dùnkún mọ́, gbogbo yín sì gbà pé orúnkún ni. Orúnkún kọ́. Ní Ọjọ́rú tí Amos kú, tí Ìdúpẹ́ ku ọ̀la, mo ti se ọ̀dùnkún, mo ti gún un, kí n tó rí i pé mi ò ra mílíìkì agolo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ohun tí mo fẹ́ rà sórí ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo gbàgbé rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù, aago mẹ́fà ni ilé ìtajà ń tì ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Ìdúpẹ́. Òjò ń rọ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ń wo bọ́ọ̀lù ní yàrá. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé Julius lọ́wọ́. Ó ní, “Màmá Àgbà, òjò yìí le o.” Mo ní, “Ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni? Tẹná dáadáa, kí wọ́n má tilẹ̀kùn mọ́ ẹ lójú.” Amos ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ̀ lé e jáde. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ọmọ rẹ gbọ́ lẹ́nu mi.

O wà ní ilé ẹjọ́. O gbọ́ nígbà tí adájọ́ bi Julius pé kí ló ń lé e tó fi ń sáré bẹ́ẹ̀ nínú òjò. Ó ní, “Mo kàn ń sáré ni.” Ìwọ fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yìn rẹ gan-an ni mo jókòó sí, Lemuel. Mo lanu, mo sì pa á dé. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ló di ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ jẹ́ irọ́, dídákẹ́ ni, ó sì burú ju irọ́ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ni orí ọmọ méjì ṣe wọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣíbí. Julius dìde láàárín àwọn ọmọdé, ó wá dì mí lápá mú. Ó ní, “Ó tó, Màmá Àgbà. Ẹ jókòó.” Mo ní kò tíì tó. Mo bi í, lójú gbogbo wọn, pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ-ọmọ yín kan ni. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, a máa sin ẹ̀yin náà.” Lemuel, mo sunkún níwájú àwọn ọmọdé.

Corinne jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ kóòtù. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní apànìyàn nínú ẹbí yìí, èmi tí mo bí Corinne sì mọ ìdí, mo dákẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ń lọ. Ó ní, “Ṣé ẹ máa sọ fún Lemuel ni, àbí kí èmi sọ ọ́?” Mo ní ẹrù mi ni, èmi ni màá gbé e. Ó gbá mi mọ́ra, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lára mi. Ní ti oúnjẹ, a padà jẹ ẹ́. Ó ti tutù, ọbẹ̀ ti dì lójú, kò sì sẹ́ni tó ní kí a gbé e kaná.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí ji mí. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì dá ọjọ́ fún ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kéré sí i. O ní ibi tí Julius bá ti ń jẹun, a kò gbọdọ̀ wá ọ débẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí o ń pè mí, tí o ń béèrè orúnkún mi, tí o ń pè mí ní ìyá rere, ẹni tó rán wọn lọ ni o ń pè. Bí ẹnì kan bá wà tí o kò lè bá jẹun, èmi ni. Mo lè fara mọ́ ọn, mo ti dàgbà, mo sì lè dá jẹun. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ mọ́ ni kí ọmọ yẹn máa jẹ ìyà mi fún mi.

Olúwa yóò wà pẹ̀lú rẹ nígbà tí o bá ń ka èyí. Yóò tu Yvette nínú. Kò ní jẹ́ kí ìbínú jẹ ohun tó kù fún yín. Bí o bá pè mí, màá gbọ́. Bí o kò bá sì pè, yóò yé mi.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ernestine.

Mo tún rántí: Nọ́ńbà Julius ni mo kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé. Kò mọ̀ pé mo fún ọ. Kì í tètè gbé fóònù bí kò bá mọ ẹni tó ń pè, nítorí náà bí kò bá gbé e lẹ́ẹ̀kan, jọ̀wọ́, tún un pè.