Mísítà Rọ́lándì Nínú Òkùnkùn

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Lagos Town, ní Àkrà níbí. Mo kí Bàbá, mo kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kí Àdùkẹ́ àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá níbí, torí ohun tí ojú mi rí kọjá ohun tí èèyàn kan lè dá mọ̀.

Ṣé ẹ rántí òyìnbó tó máa ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè nínú tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́? Àwa ọmọ ń gbọ́ èdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin ò gbọ́ ọ rárá, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò gbégbá orókè. Ẹ ní ojú rẹ̀ lẹ ń wò. Ẹ̀yin náà lẹ dá a mọ̀ pé òun ló ṣe ọlọ́pàá nínú eré kan. Bàbá ní irọ́ ni, ẹ ní kí wọ́n wo etí rẹ̀.

Ìyá mi, mo ti wọn àyà ọkùnrin yẹn. Mo ti gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kúrú. Mísítà Rọ́lándì lórúkọ rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àdúgbò Adabraka ni mo ti ń ránṣọ. Ọdún yìí le fún wa. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, dúmsọ̀ ni àwọn ará ibí ń pè é. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná kò wúlò mọ́, ẹlẹ́sẹ̀ la padà sí, owó tí ń wọlé sì dín kù. Òjò náà ò jẹ́ kí oníbàárà jáde. Nígbà míràn, bí mo bá dé yàrá mi, mo máa ń sọ Yorùbá sókè fún ara mi, torí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ń gbọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n èdè Twi ti ibí ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Inú ọ̀dá owó yìí ni Antí Ẹ́sí, oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti wá bá mi. Ó ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìbéèrè, pé òyìnbó kan ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe atọ́kùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó sì kọ́ ọmọ Gánà tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ń wá Anago kan tó mọ abẹ́rẹ́ lò. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Mo gba iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọlé, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Etí yẹn náà ni! Ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí èmi ni mo ń bá a de bọ́tìnì. Mo ń rò ó pé báwo ni eléyìí yóò ṣe dúró níwájú èrò. Àfi ìgbà tí wọ́n tan iná sí i lójú. Ọwọ́ dẹ́kun gbígbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ohùn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Mo gbàgbé láti pa ẹnu mi dé.

Bí mo bá ń tún aṣọ ṣe sí i lára, ó máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ní òṣèré lòun kọ́kọ́ jẹ́. Ọdún púpọ̀ ló fi ń ṣe òkú àti aṣọ́nà nínú eré kí wọ́n tó fi í ṣe ọlọ́pàá. Nígbà tó yá, atọ́kùn ìdíje kan ṣàìsàn, wọ́n ní kó bá àwọn dúró nípò rẹ̀ lọ́jọ́ kan péré. Ọjọ́ kan náà di ogún ọdún.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú olùkọ́ wọn kún inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje náà, àwọn ìyá ọlọ́jà láti ọjà Makola wà lẹ́yìn wọn. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀ ni. Kò ní fèrèsé, aṣọ nípọnnípọn ni wọ́n ta mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé, ẹnu ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló ní, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn ló sì já sí. Eré dé àárín, iná lọ. Òkùnkùn biribiri. Àwọn èèyàn kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo dúmsọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe dún níta báyìí, òórùn wáyà tó ń jó gbalẹ̀, ẹnì kan sì ké lédè Twi pé, "Ogya! Ogya!" Iná ń jó nìyẹn.

Àga ṣubú. Àwọn ọmọdé bú sẹ́kún. Ẹ̀gbẹ́ Mísítà Rọ́lándì ni mo wà, ó di apá mi mú, mo gbọ́ bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Mo sọ nínú ara mi pé a ti kú. Ó wá sọ sí mi létí pé kí n tan fóònù mi, kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n má kúrò níbẹ̀.

Mo tan án, mo lọ dúró níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn náà, ohùn inú tẹlifíṣọ̀n wa gan-an, kò le, kò yára. Ó ní, "Ìbéèrè tó kàn rèé o! Ìlà tó bá gbà á ló máa kọ́kọ́ tọ ìmọ́lẹ̀ yẹn jáde. Ẹni tó bá sáré ti pàdánù."

Antí Ẹ́sí ń túmọ̀ rẹ̀ sí Twi tẹ̀lé e. Ìyá mi, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó bi ìlà àkọ́kọ́ ní orúkọ odò tó tóbi jù ní Gánà. Àwọn ọmọ dáhùn, ó yìn wọ́n, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bi ìlà kejì, ó bi ìkẹta. Èéfín ti ń gún wa lọ́fun. Ìyá ọlọ́jà kan fi èdè Gà dáhùn, ó dá mi lójú pé kò yé Mísítà Rọ́lándì, síbẹ̀ ó ní, "O gbà á!" Ọmọ kékeré kan kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹkún. Ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì dáhùn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

Gbogbo wọn jáde, kò sẹ́ni tó fara pa. Mísítà Rọ́lándì ló jáde kẹ́yìn, ó ń wúkọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iná mú aṣọ ara ògiri, kí àwọn panápaná tó dé.

Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan nínú òjò. Mo fi agbòòrùn bò ó. Ó sọ fún mi pé nígbà tóun ṣì jẹ́ òṣèré kékeré, irú igbe bẹ́ẹ̀ sọ nínú ilé eré kan lọ́dọ̀ wọn. Òun lòun kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣeré ṣubú lẹ́yìn òun, ó ń pe orúkọ òun, òun ò bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n kò rìn dáadáa mọ́ títí ayé rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú òun, òun kì í fẹ́ kó ṣubú.

Mo bi í bóyá mo lè sọ ọ́ fún yín. Ó ní kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, pé ó ti pẹ́ jù nínú òun.

Kámẹ́rà kankan ò rí nǹkan kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ogún ọdún ló fi wà lójú gbogbo ayé, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, inú òkùnkùn ló ti ṣe é.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ ò ní pe ọmọ kan kó má dáhùn. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé tòkè tilẹ̀, kí ẹ sì sọ fún Bàbá pé etí náà ni o, mo rí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́ aránṣọ.