Bẹ́líìtì Tí O Rà fún Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ìwé yìí bá yín lára líle, nítorí ara ò le lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀gbẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ọ́. Màmá wà nínú. Fara balẹ̀, kà á dópin.

O rántí pé nígbà tí o wá kẹ́yìn, o rí i pé Màmá ti ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn. O ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń lọ aṣọ nídìí áyọ́ọ̀nù ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. "Màmá, ẹ nàró dáadáa," ni o wí, bí o ṣe máa ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ lórí pápá. Kò pẹ́ tí o fi bẹ́líìtì onírin tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí kí ẹ̀yìn lè nà ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í bọ́ ọ àfi tí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa. Tí wọ́n bá tẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, wọn kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá nàró fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹsẹ̀ á wúwo, á máa ṣe wọ́n bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ bẹ́líìtì náà. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ lọ?"

Láàárọ̀ òní, wọ́n ń sọdá títì lọ ra ọṣẹ. Àárín títì ni ẹsẹ̀ ti kọ̀. Wọ́n ní, "Mo rán ẹsẹ̀ mi níṣẹ́, kò jẹ́." Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀. Ìbú ọwọ́ kan ló kù kó dé ara wọn tó fi dúró. Awakọ̀ fò sílẹ̀ láti bú wọn, ó rí ojú wọn, ó sì gbá wọn mú. Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé orí lé iwájú ọkọ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ padà.

Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ihò inú egungun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, tí iṣan ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, ti fún. Téèyàn bá nàró, á tún fún sí i. Téèyàn bá tẹ̀ síwájú, á là díẹ̀. Ara Màmá ti mọ̀ ọ́n kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n bóyá wọ́n ń mọ̀ tí ìtọ̀ bá ń bọ̀. Màmá wolẹ̀. Wọ́n ní ó ti di ọjọ́ méjì tí àwọn ò ti mọ̀ mọ́. Ojú dókítà yí padà. Ó ní ihò náà ti ń fún iṣan ìtọ̀ pa, iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé.

Dókítà ní bẹ́líìtì kọ́ ló dá àrùn náà sílẹ̀, ọjọ́ orí ni. Síbẹ̀ inú bí mi sí ọ títí mo fi rántí ẹni tó ń bá wọn so ó láràárọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rí àbámọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ tọ́jú rẹ, kí wọ́n sì máa gbọ́ ohun tí o bá sọ fún wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Wọ́n ti gbé wọn jáde. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mira. Ti òsì ò tíì mira, dókítà ní ká ní sùúrù. Màmá béèrè ìgbà tí o ń bọ̀. Mo ní Sátidé ni. Mi ò bi ọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.