Abẹ Àdúgbò Wa Ti Délé

Enid,

Má fọwọ́ kan ohun tí mo fi aṣọ ìnura wé sórí tábìlì o! Abẹ ìfárùngbọ̀n ni, ó mú bí ahọ́n ìyá rẹ.

Ọjà àlòkù ni mo ti rí i láàárọ̀ yìí, láàárín àwọn ṣíbí tó ti dípẹtà. "Sheffield", orúkọ ìlú wa, wà lára irin náà gàdàgbà, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tí bàbá mi ti ń pọ́n abẹ.

Ṣebí mo búra pé abẹ àdúgbò wa nìkan ló máa kan àgbọ̀n mi? Ìwọ ní irùngbọ̀n yìí ló máa bá mi wọ sàréè!

Má bínú sí irun inú básíà. Mo ti lọ yangàn fún Clem àbúrò rẹ.

Bí ọkùnrin tí o ò mọ̀ rí bá ṣílẹ̀kùn wọlé nírọ̀lẹ́, má pariwo olè. Ọkọ rẹ ni.

Wilf