Sùtánà Tí Mo Rán Fóònù Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025
Mo ti jí i. Ìwé nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Sùtánà Bọ̀ọ̀dá Yọmí, ẹ̀gbọ́n mi tó kú, láti inú àpótí Màámi. Òkú fóònù méjìlélógójì ni màá rán mọ́ ọn. Àwọn ará Òkìtìpupa ló kó wọn fún mi. Ti Bọ̀ọ̀dá fúnra ẹ̀ máa wà láyà. Mo ti sọ iṣẹ́ náà lórúkọ: Mo Ti Ń Bọ̀. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà di Sátidé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ti kán. Ẹ̀jẹ̀ ìka mi ta sí etí aṣọ. Mi ò fọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 5
Ó pé ọdún méjì lónìí tí Bọ̀ọ̀dá kú. Ó ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Òde-Ayé, ó fi ọwọ́ kan gbé fóònù sétí. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ: "Mo ti ń bọ̀, mo ti ń bọ̀." Tírélà dé.
Ta ló pè é? Fóònù náà ò tàn mọ́, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Ẹni yẹn ń jẹ, ó ń sùn! Mi ò ní dárí jì í láéláé. Kí Ọlọ́run má dárí jì í.

Ọjọ́bọ̀, 6
Màámi fẹ́ sá aṣọ inú àpótí. Ó ní, Dárà, o rí sùtánà ẹ̀gbọ́n ẹ? Mo ní rárá. Irọ́ funfun báláú. Kò jẹun lálẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mildred tó ń ṣètò ìpàtẹ gbé àwòrán iṣẹ́ mi sórí Wátsáàpù. Alágogo rí i — alàgbà Mákánjúọlá ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ó rí orúkọ Bọ̀ọ̀dá tí wọ́n kọ sọ́rùn aṣọ. Ó dé, ó pariwo pé, Aṣọ mímọ́ lo fi ń ṣeré! Ó ní kí n tú u, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á sọ fún Màámi. Mo ní kó lọ sọ. Ẹnu mi yìí! Ó sì lọ lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Màámi wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàtẹ, bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mildred náà sáré bọ́ tiẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Kò wò mí. Ó ń wo àwọn fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé àyà. Ó fọwọ́ kàn án.
Ó wá yọ fóònù tiẹ̀ nínú báàgì, kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó pa á, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n rán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yọmí.
"Èmi ni mo pè é. Mo ní kó má gbàgbé iyọ̀."
Mo ti rán an. Mo padà ka èpè tí mo kọ ní Ọjọ́rú.