Orúkọ Mẹ́ta Tí Ọkọ Mi Fi Gba Káàdì Báńkì

Èmi ni mo tú àṣírí ọkọ mi fún báńkì. Kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ̀sùn kàn, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá ohun tí èmi nìkan lè dá gbé... Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n", kò wá sí mi lẹ́nu lónìí.

Ẹ ṣáà mọ bí Dublin ṣe rí báyìí, owó pọ̀ nílùú, inú shopping centre ni wọ́n ti ń lé èèyàn kiri pé kó wá gba credit card. Tó o bá gbà á, wọ́n á fún ẹ ní point tó o lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé, wọ́n á tún fi báàgì kan lé e. Báàgì ọ̀fẹ́ yẹn ló wọ ọkọ mi lójú, tí zip ẹ̀ ò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi já. Ó ní òun ti ronú jinlẹ̀... ọ̀mọ̀wé. Ó ní ẹnì kan ò lè gba bonus ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ṣé ẹnì kan lòun ni? Lémọ́mù sọ òun ní Mùfútáù, bàbá òun sọ òun ní Adéwùmí, ìyá àgbà ń ki òun ní Àjàní, kò sírọ́ níbẹ̀, orúkọ òun ni gbogbo ẹ̀. Ló bá fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta béèrè káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, báńkì kan, àdírẹ́sì kan, ní Tyrrelstown níbí. Báńkì yìí kan náà ló ti ṣèlérí mortgage fún wa lórí ilé tá a fẹ́ rà ní Ongar. Bàbá Sọ̀fíà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe security lẹ́nu ọ̀nà báńkì ọ̀hún, kìlọ̀ fún un, ọkọ mi ní ìlara ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí báńkì pe fóònù ilé, mò ń ti àwọn báàgì ọ̀fẹ́ náà kúrò lọ́nà kí n lè ṣí press, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, mú ìrẹsì. Obìnrin kan ló pè, ó béèrè Mister Mùfútáù, mo ní kò sí nílé. Mister Adéwùmí ńkọ́? Mister Àjàní ńkọ́? Ẹ̀rín pa mí. Mo ní màdáàmù, ọkùnrin kan náà ni gbogbo wọn, Yorùbá ni wá, orúkọ wa máa ń pọ̀. Ó ní ó ti dáa, grand. Ṣé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni? Mi ò mọ̀... àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ọkùnrin yìí ti sú mi.

Báńkì fagi lé káàdì, wọ́n fagi lé mortgage náà. Ilé Ongar lọ bẹ́ẹ̀. Dípò kó bi ara ẹ̀ léèrè, ó ní Bàbá Sọ̀fíà ló tú òun fó, gbogbo mọ́ṣáláṣí ló sì sọ ọ́ fún. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn ò wá kírun Jímọ̀ mọ́ nítorí ojú àwọn èèyàn. Ní Sunday yìí, níwájú àwọn àgbà, ọkọ mi ní ó gbọ́dọ̀ fi Al-Kùránì búra. Tí mo bá jẹ́wọ́, á pe ìyá ẹ̀ n'Ìbàdàn pé èmi ni mo gba ilé lọ́wọ́ òun, ìgbéyàwó wa lè parí síbẹ̀. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé kí ẹni ẹlẹ́ni wá máa jẹ ìyà tèmi?

Láàárọ̀ yìí ó gbé Al-Kùránì náà fún mi, ó ní kí n wé e sínú aṣọ funfun, kí n gbé e sínú ọ̀kan nínú àwọn báàgì ọ̀fẹ́ yẹn. Ó ní èmi ni màá gbé e débẹ̀, torí èmi nìkan lòun fọkàn tán. Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé e lọ, kí n máa wo Bàbá Sọ̀fíà bó ṣe ń búra... àbí kí n gbé ọwọ́ tèmi lé e nílé níbí kó tó di Sunday?