Àga Afọ́tò ní Yàrá Wa

                                        Yàrá Kẹta, Àgbàlá Onípáànù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ìwé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi tí n ò ní méjì rẹ̀,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀? Àǹtí tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àbí ilẹ̀ gbígbá lo ṣì ń kọ́? Àbúrò rẹ tó máa ń sunkún bí ẹni ń lá súgà ńkọ́? Bí gbogbo wọn bá wà ní àlàáfíà, inú mi á dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú tèmi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dùn.

Má bínú pé n ò tètè fèsì. O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé ṣé màá wọ yunifásítì ni àbí n ò ní wọ̀ ọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, màá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì kí mi kú oríire. Kọ́kọ́ ka èyí tán. Ìwọ nìkan ni mo lè rò ó fún, torí gbogbo àdúgbò yìí ti gbọ́ tiwọn, bí wọ́n sì ṣe gbọ́ ọ náà ni wọ́n ń sọ ọ́.

Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé mi dé, ó wá ku owó. Olùkọ́ tó máa ń gbà wá nímọ̀ràn pe èmi àti ọmọ afọ́tò, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, àwọn tí yàrá wọn kọjú sí tiwa. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Ọ̀nà kìíní ni ẹ̀bùn fún ẹni tó bá gbapò kìíní. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé orí mi kì í ṣe òkúta, ṣùgbọ́n kò síbi tí mo ti gbapò kìíní rí àfi nínú pípẹ́ dé ilé-ìwé. Ọ̀nà kejì ni owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tí èèyàn á máa san padà tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n mú onígbọ̀wọ́ méjì wá, àwọn tó ń gbowó oṣù. Àwọn tí Màmá mi mọ̀ tó ń gbowó oṣù, aṣọ wọn tí wọ́n ń kó wá fún fífọ̀ ni Màmá mọ̀, Màmá ò mọ àwọn fúnra wọn débi ìgbọ̀wọ́. Ọ̀nà kẹta ni owó ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tálákà. Ẹnikẹ́ni ò ní san ìyẹn padà, ṣùgbọ́n wọ́n á rán èèyàn wá sílé láti wá fojú ara rẹ̀ rí i bóyá lóòótọ́ ni ẹ kò ní.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní bó bá jẹ́ ìdánwò àìní ni, mo ti yege kí n tó jókòó sí i. Ìwọ náà ti sùn ní yàrá wa rí. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì tí Màmá fi ń lọ aṣọ, àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Gbogbo nǹkan tó dára nínú ilé, aṣọ oníbàárà tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ni.

Àṣé nínú gbogbo àlàyé tí mo ṣe fún Màmá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́: àlejò ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa wá, mo pọnmi dé, n ò mọ yàrá wa mọ́. Àga tìmùtìmù méjì tí àwọn èèyàn fi ń jókòó ya fọ́tò lọ́dọ̀ afọ́tò ti wà nílẹ̀. Fáànù rẹ̀ wà nígun ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń làágùn, ó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀, Màmá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ó tún sáré lọ gbé òdòdó oníke wá.

Mo ní, "Màmá, wọ́n fẹ́ wá wo àìní wa ni o."

Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń tú ara rẹ̀ síhòòhò kó tó kí àlejò? Ṣé kó padà dé ọ́fíìsì kó máa sọ pé orí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú lòun jókòó sí?"

Mo ní ohun tí mo fẹ́ kó lọ sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ wẹ̀.

Nígbà tí mo wẹ̀ tán, aṣọ tí mo bá lára Màmá kì í ṣe tiwọn. Aṣọ búlúù ìyàwó dókítà ni, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tó ń dán bí omi. Mo wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Àlejò ò ní pẹ́. Aṣọ ò mọ ẹni tó wọ òun."

Ọkùnrin náà dé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé báàgì há abíyá, ó mọ èèyàn kí. Màmá kúnlẹ̀ kí i, wọ́n gbé míníràlì tútù síwájú rẹ̀. Owó oúnjẹ wa nìyẹn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Màmá, ṣé ẹ ń rí oúnjẹ jẹ?"

"A dúpẹ́, sà. A ń jẹ, ó ń ṣẹ́kù."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ déédéé. Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀."

"Kò sí ìṣòro kankan ṣá?"

"Ìṣòro kẹ̀? A ò ní rí ìṣòro."

O mọ àwa èèyàn wa. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tí o bá kí i, á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ kó tó wá omi. Màmá rò pé ọkùnrin yẹn ń kí àwọn ni, òun sì rèé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn àga, mo ń ṣẹ́jú, mo ń ṣẹ́jú, Màmá wá fi ojú kan wò mí, ojú tó túmọ̀ sí pé kí àlejò ṣáà kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀dọ̀ wa ló ti sọdá sí yàrá afọ́tò. Ilẹ̀ gbalasa ló bá bàbá àti ọmọ. Kò sí àga, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí fáànù. Aṣọ tó máa ń ta sẹ́yìn àwọn tó ń ya fọ́tò nìkan ló kù, èyí tí wọ́n ya òkun àti ọkọ̀ ojú omi sí. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ fún wọn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ mà kú ìfaradà." Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ọ̀rẹ́ mi, ibi tó máa já sí kò ṣòro. Orúkọ ọmọ afọ́tò jáde. Wọ́n kọ ọ́ síwájú tèmi pé ìdílé yìí lágbára. Màmá tún lọ bá afọ́tò yọ̀, wọ́n ní èèyàn dáadáa ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn dáadáa tí kò gbàgbé kápẹ́ẹ̀tì. Títí di òní n ò mọ̀ bóyá àánú ló fi kó ilé rẹ̀ fún wa, àbí ọgbọ́n. Bóyá òun náà ò mọ̀.

Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn mú òbí rẹ̀ wá sí gbọ̀ngán ìjọba ìbílẹ̀. A lọ. Gbọ̀ngán kún, ìdajì àwọn tó wà ńbẹ̀ ló sì jẹ́ pé Màmá mi ló ń fọ aṣọ wọn. Ọkùnrin yẹn jókòó pẹ̀lú obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà ka gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì mi sókè, àga, fáànù, kápẹ́ẹ̀tì, ó wá ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí lẹ ò ní?"

Màmá wolẹ̀. Wọ́n ní, "A dúpẹ́, mà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo rí ọwọ́ obìnrin náà tó ń pa fáìlì mi dé, ni mo bá lanu. Mo ní afọ́tò ló ni àga. Mo ní òun ló ni fáànù, òun ló ni kápẹ́ẹ̀tì, títí dórí òdòdó oníke. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ì bá sàn. Obìnrin náà wá béèrè pé aṣọ olówó ńlá tí wọ́n kọ pé ìyá wọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ti afọ́tò ni?

Mo ní, "Rárá, mà. Ti oníbàárà ni. Aṣọ ìyàwó dókítà ni."

Màmá ò wò mí. Wọ́n kàn ń tún etí gèlè wọn ṣe, bẹ́ẹ̀ gèlè náà ò tú. Jẹ́ kí n sọ èyí tí n ò lè sọ fún ẹlòmíì fún ọ: nígbà tí mo ń sọ ọ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ó dùn bí ìgbà tí èèyàn bá họ ibi tó ti ń yún un tipẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo la tèmi mọ́lẹ̀.

Obìnrin náà ní àwọn á tún wá wo ilé wa.

Kó tó dalẹ́, ìyàwó dókítà ti dé. Kò bú wa. Ó gbé aṣọ búlúù náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ká a, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú." Awakọ̀ kan tó jẹ́ oníbàárà wa tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń rìnrìn-àjò. Olùkọ́ kan ní àbúrò òun ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Báyìí ni wọ́n ń kó aṣọ wọn ní méjì mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ẹ ṣeun, títí ó fi ku ìṣó lára ògiri. Màmá á ká aṣọ oníkálùkù fún un, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé e lọ́wọ́. Wọn ò nà mí. Ì bá ṣe pé wọ́n nà mí.

Ọkùnrin náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí a ò yá nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù tutù sórí tábìlì. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò kúnlẹ̀.

"Iṣẹ́ ńkọ́, Màmá?"

"Kò sí."

"Oníbàárà ńkọ́?"

"Kò sí."

"Oúnjẹ tòní ńkọ́?"

"Kò sí."

Ó ń kọ ọ́ kíákíá, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ wa rèé?"

Màmá gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ gbọ̀ngán. Wọ́n ní, "Òun ni. Òun ló mọ gbogbo ohun tí a ò ní."

Wọ́n ti fọwọ́ sí owó náà. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá lọ.

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o bá mi kí Àǹtí àti àbúrò ẹlẹ́kún. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Bí àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ yín bá ń wá alágbàfọ̀, ìlú yín ò jìnnà, a lè máa fi ọkọ̀ kó aṣọ náà lọ kó o bọ̀. Sọ fún wọn pé o mọ obìnrin kan tó mọ aṣọ í fọ̀, tó mọ̀ ọ́n lọ̀, tí bọ́tìnnì ẹnikẹ́ni ò já lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Má sọ fún wọn pé ó ní ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá ṣì fẹ́ mi lọ́rẹ̀ẹ́,

Adúmáadán