Síídì Tí Orí Tabitha Wà Nínú Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta 2024
Dókítà wo síkáànù tuntun Tabitha, ìyàwó mi. Ó ní ti ọdún 2022 dà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nǹkan kékeré yẹn nínú ọpọlọ rẹ̀? Bí ó bá ti dàgbà sí i, wọ́n máa la orí. Bí kò bá dàgbà, ká máa padà wá lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ilé tó ṣe síkáànù ìgbà yẹn ti kógbá wọlé. Síídì tí wọ́n fún wa nìkan ló kù. Mo ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, a ó mú un wá ní ọjọ́ kejìlá.

Àlejò ni mo ń pe nǹkan náà nínú ara mi. N ò lè pe orúkọ tí dókítà pè é.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bajulaiye, lábẹ́ àwọn káàdì ìgbéyàwó tí a tẹ̀ tí wọn ò wá gbà. Yíńkì pupa ti ta sí i lẹ́yìn. Ọwọ́ mi ò dúró bi mí. Ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àkísà àti tínà ni mo fi ń nu gbogbo nǹkan: rólà, tábìlì, èékánná mi. Mo nù ún. Yíńkì lọ. Orúkọ Tabitha lọ. Fàdákà etí síídì náà ṣí kúrò, ó lẹ̀ mọ́ àkísà.

Mo bi ara mi pé: Fọlọ́runṣọ́, kí lo ṣe yìí?

Ọjọ́rú, 6
N ò sọ fún Tabitha.

Ọjọ́bọ̀, 7
Láptọ́ọ̀pù Moyọ̀sọ́lá ọmọ wa ò níbi tí wọ́n ń ki síídì sí. Ó ní ta ló tún ń lo síídì láyé yìí. Ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí. Mo dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mẹ́ta — òfo.

Ife bọ́ lọ́wọ́ Tabitha lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ọwọ́ òsì. Ó ní epo ló wà lára ife. Mo gbá àfọ́kù. N ò wo ojú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9
Mo dé àdúgbò Ladi-Lak. Bàbá Ikúmápàyí, tí mo ń pè ní Bàbá Síídì, ṣì ń gba ìwàásù sórí síídì fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lo fíláàṣì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè pa nǹkan inú fíláàṣì rẹ́. Irú síídì tiwọn, ohun tó bá ti gbà, ó ti gbà á nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa yí i. Wọ́n gbé tèmi sí imú. Wọ́n wò mí.

"Tínà?"

Ojú tì mí. Wọ́n ní àárín ni wọ́n ti ń kọ síídì lọ sí etí. Etí ni mo bà jẹ́. Bóyá orí ìyàwó mi ṣì wà láàárín. Ẹ̀rọ kùn, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mò ń ka Sáàmù, mò ń ṣì í kà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin — orí Tabitha yọ, dúdú òun funfun. Àlejò wà níbẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Mo sunkún níwájú bàbá olóbàbá. Wọ́n bá mi dà á kọ sórí síídì tuntun méjì.

Lánàá, ẹ̀rù pé kò ní ṣí ló ń bà mí. Ní báyìí, ẹ̀rù ohun tó máa sọ ni.

Àìkú, 10
N ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù.

Ìṣẹ́gun, 12
Dókítà gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbà yẹn, ẹyọ ẹ̀wà. Báyìí, ó tó èkùrọ́. Ó ní ká ní a ò mú ti àtijọ́ wá ni, òun ì bá ní ká lọ sílé ká padà wá lóṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà ì bá sì ti pẹ́ jù. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa la orí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́.

Wọ́n fún wa ní síídì tuntun. Nígbà tí a délé, Tabitha gba máàkà lọ́wọ́ mi. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó kọ déètì, ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní ti ọdún tó ń bọ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Bàbá Moyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tínà nu eléyìí."

N ò sọ ọ̀rọ̀ tínà yẹn fún un rí.